Ẹni Tí Ìyá Àgbà Kò Pè Ní "Wọ́n"

Òwúrọ̀ Sátidé ìmọ́tótó ni, lọ́dún 1985, lábẹ́ ìjọba ológun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Òrè. Gàrí elépo ń dún ṣàṣàṣà nínú agbada irin, lábẹ́ igbá tí ìyá ìyá mi fi ń yan án, nígbà tí sójà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ìwọ, ta ló ní kó o dáná lónìí?"

Ìwọ ni ó pè wọ́n. Ó fi bàtà ti agbada ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó ju irin gbígbóná náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ. Lọ́dún tí ọṣẹ àti ṣúgà di ọ̀wọ́n, agbada yẹn ni oúnjẹ wa.

Aládùúgbò wa, àgbà ìjọ aláṣọ funfun kan, wá kọ́ wọn ní ẹ̀bẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣáà pè é ní 'wọ́n' níwájú ọ̀gá rẹ̀. Agbada yín á délé."

"Ta ni ń jẹ́ 'wọ́n'? Ọmọ tí kò tó àbíkẹ́yìn mi?"

"Ìbọn ló dàgbà, Ìyá."

"Kí ìbọn máa jẹ́ 'wọ́n' nígbà náà!"

Nírọ̀lẹ́, bí a ti ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n pàlọ́ fún wa. Tẹ́lẹ̀, nínú àlọ́ wọn, Ẹkùn ni "wọ́n", Ìgbín ni "ó". Lọ́jọ́ náà, Ẹkùn dé, ó tẹ ìkarahun Ìgbín fọ́ mọ́ wọn lára.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣebí Ẹkùn ni ọba?"

"Ọba ni, lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹnu Ìgbín ni mo fi ń pa tèmi."

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ̀ lé ìyá àgbà àti aládùúgbò wa dé àgọ́ sójà. Agbada wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Sójà náà dúró ti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kí ìyá àgbà rojọ́.

"Ó wá. Ó da gàrí mi nù. Ó gbé agbada mi."

Aládùúgbò wa fà wọ́n láṣọ. "Wọ́n, Ìyá! Wọ́n!"

"Ó."

Àwọn sójà lé wa jáde. Láìsí agbada, ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni ìyá àgbà ń bó ní abúlé Ajue títí wọ́n fi kú.

Lónìí, mo ń kọ́ni ní ìtàn ojú-mi-ló-ṣe, tí "mo" ń sọ, àti ìtàn arínúróde, tí asọ̀tàn mọ inú gbogbo ènìyàn, àti ẹ̀dá ìtàn tí kì í yí padà, irú Ẹkùn, tí ó ń pa, tí ó ń jẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "wọ́n" fún aninilára, mo máa ń bi í léèrè ẹnu ta ni ó yá.

Ó gbé agbada ìyá àgbà mi. N kò mọ ibi tí ó gbé e lọ láti abẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn.