Ìdájí Tí A Lọ Tọrọ Orúkọ Balógun Ikọ̀ Wa

Ẹni tó bá wo bí mo ṣe kúrú kò ní gbà pé mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì rí, ká má tiẹ̀ wá sọ pé wọ́n ń sanwó fún mi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbá a, ní Fìdítì níbí, nínú ikọ̀ àkọ́kọ́ tó sanwó oṣù fún eléré ní gbogbo agbègbè Afìjió. Ká sọ òótọ́, epo ọ̀kadà ló ń jẹ owó náà tán. Oṣù mìíràn wà tó jẹ́ pé gàrí ni wọ́n fi ń san án. Síbẹ̀, bí mo bá wọ ẹ̀wù ikọ̀ wa kọjá ní gáréèjì, ṣe ni mò ń yan bí ẹni tó ra ọ̀nà.

Kóòṣì wa jẹ́ tíṣà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò ga jù mí lọ, fèrè kì í sì í kúrò lọ́rùn wọn, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan, òun ni yóò gbálẹ̀ pápá. Mo gbálẹ̀ náà títí mo fi mọ gbogbo ibi tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti sán. Balógun ikọ̀ wa kì í pẹ́ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bárékè ní Ìbàdàn ló ti ń wá. Ọmọ Ìlọrà ni, sójà ni, wọ́n máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó ga, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ sì tutù. Bí mo bá fi ìkánjú sọ bọ́ọ̀lù nù, kò ní bú mi. Á kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó kù díẹ̀." Mo ju ọmọ náà lọ ní ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ó jù mí lọ ní ọgbọ́n.

Eré kẹta líìgì ọdún náà la gbá tán tí wọ́n fi gbé e lọ sójú ogun lókè ọya, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí jà. Láti ọjọ́ náà, ìyà dé bá wa. Kò sẹ́ni tó lè fò bá bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọ̀n mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin léra wọn ni wọ́n nà wá. Bí wọ́n bá tún nà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á lé wa kúrò nínú líìgì, ikọ̀ náà á sì tú ká.

Géńdé kan wà ní Ìmíní tó ń gun ọ̀kadà, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ bá wa gbá a. Àmọ́ orúkọ tí líìgì gbà lọ́wọ́ wa ti pé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnì kan kún un, àfi kó yọ ẹnì kan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu. "Ẹ yọ balógun! Kò kúkú sí nílé."

Kóòṣì yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wò mí títí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ tó wà lójú ogun, èmi kọ́ ni n ó fi bírò fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Ìwọ tí ẹnu rẹ mú, lọ gbàyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi tọmọ jẹ́ ẹ títí ó fi bàjẹ́. Mo ní irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè dá lọ sọ. Mo lọ bẹ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ìyá náà ń lọ ní Ìlọrà, mo tún bẹ Alhájì tó fún wa nílẹ̀ tí a fi ṣe pápá. Ìyá náà, opó tó ń ṣe gàrí tà, a máa tètè jáde lọ ra ẹ̀gẹ́ ní Akínmọ̀rìn, nítorí náà mo ní ká lọ bá wọn ní ìdájí. Mo wọ agbádá. Mo dé fìlà. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ wọn ti fóònù sílé kẹ́yìn.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo pásítọ̀, wọ́n wo Alhájì, wọ́n wá wo agbádá mi.

Alhájì wúkọ́. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀."

Ìyá náà kò jókòó sórí àga. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá abọ́ gàrí. Wọn ò ké. Wọ́n kàn bèèrè pé, "Ìgbà wo ni?"

Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe yé mi. Báyìí kọ́ ni àwa náà ṣe ń túfọ̀ ni? Àgbà méjì, ìdájí, ẹ jókòó ná. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá, mo ń pariwo, "Básíkẹ́ẹ̀tì ni, mà! Ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì la bá wá! Kò sí ohun tó ṣe é!"

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n wá sunkún, ẹkún tó pọ̀, Alhájì pẹ̀lú ń nu ojú. Nígbà tó yá, wọ́n fi gèlè nà mí léjìká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tọ́ sí mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ ohun tí a wá tọrọ mọ́, pásítọ̀ ló bá mi sọ ọ́.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Wọ́n wé gèlè wọn padà, wọn ò kánjú. Wọ́n ní, "Ẹ yọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọmọ mi lórúkọ, ìwé yín kọ́. Ẹ mú ẹni tó lè gbá a wọlé, kí ibi tí ọmọ mi fẹ́ràn má bàa parun kó tó dé." Mo ti bá àwọn akíkanjú ènìyàn pàdé láyé mi, n kò tíì rí irú ìyá yẹn.

Géńdé Ìmíní wọ ikọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A kò gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n wọn ò nà wá mọ́. Ìyá náà wá wo eré tó kẹ́yìn, wọ́n jókòó ti kóòṣì, wọn ò mọ òfin eré náà rárá, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún tọ̀túntòsì. Nígbà tí fèrè dún tí a yege, gbogbo pápá fò sókè. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, òógùn bò mí.

Wọ́n bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti parí?"

Mo ní, "A ti parí, mà. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ṣe tiyín láṣeyọrí." Wọ́n mú fóònù wọn jáde nínú àpò, wọ́n wò ó bóyá ọmọ wọn ti pè, wọ́n sì dá a padà. "Tèmi ò tíì parí."