Ọmọ Tó Ń Kàwé fún Àlejò

Láíbìrì ilé-ìwé wa mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ. Kí ni kò ní jẹ́ kó mọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀? Ìjọba kó ìwé wá, ìjọba kó tábúlẹ́ẹ̀tì wá, ọ̀gá wa náà sì ra àgádágodo. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ láíbìrì. Kì í ṣe pé mo kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún níbì kan o. Mo máa ń sọ̀rọ̀ jù nínú ìpàdé olùkọ́ ni, ọ̀gá wa sì rò pé bí òun bá gbé iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi, ẹnu mi á sinmi. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe sinmi.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni, lẹ́yìn ìlú Ìkéré, níbi téèyàn ti ń wo òkè Olósùnta láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ọmọ àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ láíbìrì kò sí lọ́wọ́ èmi olùkọ́ láíbìrì rárá, ọwọ́ ọ̀gá wa ló wà, ìyá kan tó fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Tí mo bá lọ bèèrè rẹ̀, á ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" bí ẹni pé mo fẹ́ lọ din àkàrà. Tí mo bá ní mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ kàwé, á wò mí tìyanu-tìyanu. "Àwọn wọ̀nyí? Pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ máńgòrò? Kí wọ́n wá ba ìwé tuntun jẹ́! Tí àlejò bá dé ńkọ́?"

Àlejò ni gbogbo ẹni tó bá wọ mọ́tò wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ l'Ádó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, ilẹ̀kùn láíbìrì á ṣí, àwọn ọmọ á fọ ọwọ́, a ó tò wọ́n sórí àga, a ó sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan síwájú wọn. Ọ̀gá wa á máa kìlọ̀ pé, "Ẹ fọwọ́ kàn án o, ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Kí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ níbẹ̀? Kò sí iná nínú ọ̀kankan wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn dé, kò sẹ́ni tó gbé wọn síbi iná rí. Àwọn ọmọ á tẹ́jú mọ́ gíláàsì dúdú náà, wọ́n á máa wo eyín ara wọn nínú rẹ̀, àlejò á sì máa ya fọ́tò. Ẹ wo bí ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe dé ìgbèríko!

Ṣùgbọ́n omi ọbẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹran inú rẹ̀ ni ọmọ tó ń kàwé. Gbogbo ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, láti Emùré títí dé Ìkéré, ló ní ọmọ kan tó ń kàwé fún àlejò. Ẹ má rò pé ẹni tó mọ̀wé kà jù la máa ń mú. Rárá o. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ já gaara, tí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kò lu, tí ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í kúrò lórí rẹ̀, òun la ń wá. Olùkọ́ á ka ojú ìwé kan fún un, ọmọ á máa wí i tẹ̀ lé e títí yóò fi há a sórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ́ ọ bí ìka ṣe ń rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀, àti ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró ṣí ìwé. Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi ni mo kọ́ tiwa.

Tiwa jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, lóko kòkó. Kíláàsì kẹta ló wà nígbà tí mo mú un. Ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ fífọ̀ ni mo kà fún un, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì fi há gbogbo rẹ̀ sórí, títí dé àmì ìdánudúró. Ọdún méjì gbáko ló fi ń ka ọwọ́ fífọ̀ fún àlejò. Àlejò á pàtẹ́wọ́, ọ̀gá wa á rẹ́rìn-ín, a ó ti láíbìrì pa. Ọmọ yẹn kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n bá kọ ọ́ sójú pátákó.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà rẹ̀ gbé iṣu wá fún mi nílé, iṣu ńlá mẹ́ta. "Uṣu yín rè é, tíṣà," ló wí, ó sì kúnlẹ̀, ìyá tó lè bí mi lọ́mọ! Ó ní òun ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ló ń kàwé fún ìjọba, pé nínú gbogbo ìran àwọn, ọmọ náà lẹni àkọ́kọ́ tí ìwé máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un. Mo gba iṣu náà. Mo gún un níyán. Ó dùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ rè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, àlejò kan dé tó mú ìwé tuntun dání, ìwé tó ní àwòrán ẹja gàdàgbà lójú ewé. Ó fẹ́ fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Ó pe ọmọ wa, ó ṣí ibi tí ẹja wà, ó ní, "Ó yá, kà á fún wa." Ọmọ náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ló bá gbé ìka sábẹ́ ẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn geerege pé, "Kí a tó jẹun, ó yẹ kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ wa méjèèjì."

Ó kà á dópin. Ẹja ń wò ó, ó ń ka ọwọ́ fífọ̀. Ó tilẹ̀ dúró ṣí ìwé, ó bá ẹja mìíràn pàdé ní òdìkejì, ó tún ń fọwọ́ lọ. Ọkùnrin ọ̀hún kò rí nǹkan kan, fóònù ló gbé sójú, tó ń ká fídíò. Àwa olùkọ́ tó kù ńkọ́? Gbogbo wa la rí i, gbogbo wa la sì pàtẹ́wọ́. Inú ọkùnrin náà dùn gan-an. Ó ní ìdíje ìwé kíkà ń bọ̀ l'Ádó fún gbogbo ilé-ìwé ìjọba, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, ọmọ yìí ló sì máa ṣojú wa. Ó ní níbẹ̀, wọ́n á gbé ojú ìwé tí ọmọ kò rí rí fún un.

Ọkùnrin náà kò tíì wọ mọ́tò tán tí mo ti wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Mo ní, "Mà, ọmọ yìí kò lè kàwé."

Ó ní, "Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ṣé kò kà á lójú gbogbo wa ni?"

Mo ní ká mú ẹlòmíràn lọ. Ó ní fídíò ti lọ sórí fóònù gbogbo àwọn ọ̀gá, ojú ọmọ yìí ni wọ́n mọ̀. Ló bá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ láíbìrì, ó tì í sí mi lórí tábìlì. "Olùkọ́ láíbìrì ṣáà ni yín. Ẹ kọ́ ọ."

Nígbà tí mo jáde, ọmọ náà ń dúró dè mí lẹ́bàá ògiri, omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Mà, tí mi ò bá lè kà á, tí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, mi ò ní wá sílé-ìwé mọ́ o. Oko ni n ó máa bá màmá àgbà lọ." Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ọmọ yẹn kì í ṣàwàdà.

Ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lu agogo ìlọsílé. Ẹ wá wo ìyà! Orí tó ń gba ọ̀rọ̀ dúró bí ẹní gba òjò sínú agbada, òun ló di ọ̀tá wa. Bí mo bá fi ẹnu ka ìlà kan báyìí, ó ti há a, kò tún ní wo ìwé mọ́. Mo bínú, mo lé e kúrò níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì, mo tún pè é padà. Nígbà tó yá, mo dẹ́kun kíkà sí i létí pátápátá. Mo mú páálí tí wọ́n fi kó tábúlẹ́ẹ̀tì wá, mo gé e wẹ́wẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, mo sì ń pò wọ́n pọ̀ lójoojúmọ́ kó má baà mọ èyí tó kàn. Ohun kan ṣoṣo tí tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba fi ràn wá lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ bá mi kí wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó to páálí mẹ́rin pọ̀ fúnra rẹ̀. "Omi... inú... odò... tutù." Ó gbé ojú sókè, ó wò mí bí ẹni tí mo já léèékánná. "Mà, ẹ ò sọ èyí fún mi rí!" Mo ní mi ò sọ ọ́ fún un rí lóòótọ́. Ó tún un kà, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì yára lọ ti fèrèsé kó má baà rí ojú mi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún fi máa pé, ó lè ka ojú ìwé kan, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, àti òógùn nímú.

Ọ̀gá wa, ọmọ náà àti èmi la jọ lọ sí Adó. Gbọ̀ngán kún. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kéde? Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kan ti wá bẹ̀bẹ̀ pé ojú ìwé tuntun á dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Nítorí náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka èyí tó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun, kó sọ.

Ta ló máa fẹ́ tuntun? Ọmọ ń gorí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà bíi ti oníròyìn orí rédíò. Ọ̀kan pa ìwé dé láàárín, ó gbàgbé, ó ṣì ń kà á lọ. Àwọn adájọ́ ń mi orí. Ọ̀gá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fò, ó gbá ọmọ wa mọ́ra. "Ọlọ́run ti gbọ́ tiwa! Ọwọ́ fífọ̀ ni kóo kà o, ọwọ́ fífọ̀!" Èmi náà, mi ò ní parọ́, ara tù mí. Mo ní kó lọ ka ọwọ́ fífọ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn adájọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tí mi ò rí rí."

Wọ́n ní láti wá a lábẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ oyin ni. Ó gbé ìka sí i, ó bẹ̀rẹ̀. "Oyin... kì í... ṣe... ọ̀lẹ." Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó dé ibi tí wọ́n kọ "ilé", ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ di "ulé", bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò gbójú sókè. Ó ka ìlà kan, ó ka ìkejì, ó dé ìlà kẹfà, agogo dún pé àkókò ti tó. Ó ka ọ̀rọ̀ tó kù nínú ìlà náà tán kó tó sọ̀kalẹ̀.

Àwa la ṣe ìkẹyìn. Wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì ta ẹni tó ṣe ipò kìíní lọ́rẹ, ọ̀gá rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má baà bà á jẹ́. Ọ̀gá wa kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Ìkéré, ó lọ jókòó síwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Èmi àti ọmọ náà la wà lẹ́yìn, mo sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀, mo ń dúró de ẹkún. Kò sunkún. Ó ní ọ̀la lòun máa ka ìlà oyin tó kù, pé kí n bá òun wá ìwé náà.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Mà, lọ́jọ́ tí bàbá yẹn gbé ìwé ẹja fún mi, ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò lè kà á?"

Mo ní mo mọ̀.

"Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ńkọ́?"

Mo ní mo mọ̀ nígbà yẹn náà.

Mo ti ń to àwáwí jọ nínú mi, pé ọ̀gá ló ni kọ́kọ́rọ́, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré mà ló gbà wá, mà," ó wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.