Ọ̀bẹ Tí A Fi Dúńbú Adìẹ Ìrékọjá

Ọjọ́rú ni, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Oòrùn mú gan-an ní Niamey, eruku pupa sì bo ojú ọ̀run débi pé a kò rí àdúgbò Harobanda ní òdìkejì odò. Kò tíì pẹ́ tí ilẹ̀ Niger gba òmìnira. Èmi ni kúùkù fún ìdílé Júù kan, tí baálé wọn ń la ojú ọ̀nà fún ìjọba. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń lọ sí kíláàsì alẹ́ láti kọ́ Faransé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni àjọ̀dún Ìrékọjá wọn yóò bẹ̀rẹ̀. A ti fọ ilé ìdáná tinú-tẹ̀yìn, a ti kó gbogbo búrẹ́dì jáde, a sì ti kó àwọn àwo tí wọn kì í lò àfi nígbà àjọ̀dún yìí sórí tábìlì. Ẹran ló kù. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í jẹ ẹran tí ẹlòmíràn dúńbú, ìbáà ṣe àwa Mùsùlùmí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Niamey, wọn kò fẹnu kan ẹran títí bàbá Màdámù, ìyàwó baálé náà, fi dé láti Àlìjéríà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi dúńbú ẹran fún àwọn Júù ìlú rẹ̀ kí ogun tó lé e kúrò níbẹ̀. Ní ilé ọmọ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ náà nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni fi nílò rẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Mo di adìẹ mú fún un lẹ́yìn ilé, lórí iyanrìn tí ẹ̀jẹ̀ yóò kán sí.

"Akẹ́kọ̀ọ́ alẹ́," ó ní, "dì í mú dáadáa. Bí ó bá bọ́, ìwọ ni a óò sè."

"Ẹran mi ti gbó jù, Bàbá. Igi ìdáná yóò tán kí n tó jinná."

Ìlànà wọn ni pé kí ẹni tí ń dúńbú fa ẹnu ọ̀bẹ lórí èékánná kí ó tó pa ẹran àti lẹ́yìn tó bá pa á tán. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ẹran náà di èèwọ̀. Bàbá yẹ ọ̀bẹ wò kí ó tó mú adìẹ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àkókò ń lọ, ó sì pa adìẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra wọn láìdúró yẹ ọ̀bẹ wò. Nígbà tó fi iyanrìn bo ẹ̀jẹ̀ tán, ó fa ọ̀bẹ lórí èékánná. Ó dúró. Ó tún un fà.

Màdámù jáde wá. "Bàbá, mo ti gbé omi àti iyọ̀ kalẹ̀. Kí là ń dúró dè?"

"Ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́. N kò mọ èyí tó ṣẹ́ ẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Èékánná yín ló ti le, Bàbá. Ẹ lè ṣì í mọ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ, fi tìrẹ wò ó."

Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ẹran kọ́ ló ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ ló ń dùn ún. Bí mo bá sọ pé ẹnu ọ̀bẹ kò ṣẹ́, wọn yóò jẹun, Bàbá yóò sì máa jẹ́ ẹni tí ilé náà kò lè ṣe àjọ̀dún láìsí. Òfin wọn kì í ṣe òfin mi. Síbẹ̀, ní ẹ̀sìn tèmi náà, a kì í fi òkúǹbete, ẹran tí a kò dúńbú bó ti yẹ, bọ́ ènìyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Mo rọra fa ẹnu ọ̀bẹ lórí èékánná. Nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, ohun kan há, bí hóró iyanrìn.

"Ibí ni, Bàbá."

"O ṣeun," ó ní. Ó nu ọ̀bẹ, ó sì fi aṣọ wé e.

Màdámù wọlé láìwo ojú mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n gbé àwọn adìẹ náà lọ sílé. Mo gbé wọn lọ nígbà tí mo parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí Bàbá, n kò lè jẹ nínú wọn. Ẹyin sísè àti ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n fi jẹ àkàrà aláìwú wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ohùn Bàbá bó ti ń ka ìtàn àjọ̀dún; ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́.

Bàbá kò tún dúńbú ẹran mọ́. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹja onípẹ́, tí a kì í dúńbú, ni mo ń sè fún wọn ní Ìrékọjá.