Fọ́ọ̀kù Tó Gbé Bọ́tà Mehr Din Lọ

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Mehr Din ọlọ́wàrà lọ́jà Kot Jamal, ọ̀rọ̀ bọ́tà ni wọn yóò fi dá yín lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi alùpùpù rẹ̀ gbé garawa wàrà ẹfọ̀n méjì dé ṣọ́ọ̀bù Alhaji Buta, bàbá tó ń ta tíì. Alhaji ṣí ìdérí, ó ki ṣíbí onígi bọ inú wàrà, ṣíbí kọ́ sí nǹkan. Ó fà á jáde. Bọ́tà ni, ó tó ìkúùkù àgbà ọkùnrin.

“Mehru, wàrà ni mo ní kó o gbé wá. Kí lèyí?”

“Bọ́tà ni.”

“Mo mọ̀ pé bọ́tà ni! Ta ló ní kó wà níbẹ̀?”

“Ọ̀nà ni. Máìlì mẹ́sàn-án látilé mi dé ibí, kòtò ló kún un fọ́fọ́. Ìyàwó ẹlòmíì á jókòó ti ìkòkò látàárọ̀, á máa po wàrà títí apá á fi ro ó, kó tó rí bọ́tà tó tó yìí. Èmi bá yín pò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tún ń bínú. Owó iṣẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ fún mi.”

“Owó iṣẹ́ kẹ̀! Bọ́tà tó ti jáde kúrò nínú wàrà mi, ṣé ohun tó kù kì í ṣe omi?”

“Ẹ dá bọ́tà padà síbẹ̀ nígbà náà. Ẹ máa rò ó títí á fi yọ́.”

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Tíì àwọn oníbàárà tutù lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó rántí mu ún. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Alhaji ra wàrà, ó ra bọ́tà lọ́tọ̀, ó sì tún fún Mehr Din ní tíì ọ̀fẹ́, nítorí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ni bọ́tà ti di ẹlẹ́rìí Mehr Din. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọlọ́wàrà tí wọn kì í fura sí. Ní agbègbè yẹn, wọ́n á ní omi odò kì í lọ sóko kó má kọ́kọ́ yà kí ọlọ́wàrà nílé. Ṣùgbọ́n omi kì í di bọ́tà. Ogójì ilé ló ń ra wàrà lọ́wọ́ Mehr Din, wọ́n sì ń jà nítorí ẹni tí bọ́tà máa kàn láàárọ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbé àyà síwájú bó bá ń wọ ọjà.

Alùpùpù tó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu yìí, àwọn sójà òyìnbó ló fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Bàbá Mehr Din ló rà á, ó sì fi ṣe ogún fún ọmọ rẹ̀. Fọ́ọ̀kù iwájú rẹ̀, ìyẹn irin tó di taya mú, kì í ṣe irú tòde òní tó ń wọnú ara wọn pẹ̀lú ọ́ìlì. Irin gbọọrọ lásán ni, sípíríngì kan ṣoṣo ló jókòó sí i lókè, sípíríngì náà sì ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Lèmọ́mù abúlé gùn ún lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó di ògiri mú, ó ní, “Ogójì ọdún ni mo ti ń ka Yaasin fún òkú. Òní ni mo kọ́kọ́ kà á fún ara mi.”

Ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí Sughra, ìyàwó Mehr Din, já bọ́ láti orí òrùlé wọn tó tẹ́jú, níbi tó ti ń sá ata. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi balẹ̀. Dókítà ní Kot Jamal ní kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú. Ó ní bí kò bá wá, ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní gbé e mọ́. Kò sí bọ́ọ̀sì lọ́nà yẹn, kẹ̀kẹ́ ẹṣin sì burú ju alùpùpù lọ. Mehr Din gbé e sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé afárá odò, Sughra ti dákú.

Nígbà tí wọ́n fi omi jí i, ó ní, “Ọlọ́wàrà, gbé mi padà sílé. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ rọ, kó rọ. N ò gun nǹkan yìí mọ́ láyé mi.”

Ọkùnrin tó fi ìdajì ọjọ́ jiyàn lórí bọ́tà yí orí alùpùpù padà. Ó fọwọ́ tì í dé ilé, Sughra jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Yaqub, àbúrò Sughra, tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin lẹ́bàá ọ̀nà.

“Àna mi, mo fẹ́ pààrọ̀ fọ́ọ̀kù iwájú.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ ní irin àtijọ́ ò lẹ́gbẹ́.”

“Mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣáà ṣe é.”

Ṣùgbọ́n Mehr Din kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tirẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò: kí wọ́n gé rọ́bà inú taya katakata, kí wọ́n ká a sábẹ́ sípíríngì. Alùpùpù gbà. Ní kòtò àkọ́kọ́ ó fò, ní ìkejì ó tún fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìkẹta ó ju Mehr Din sínú odò tòun ti garawa. Àwọn tó ń wẹ ẹfọ̀n nísàlẹ̀ odò rí i pé omi funfun ń ṣàn bọ̀, wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, àfìgbà tí orí Mehr Din yọ láàárín rẹ̀ tó ń ṣépè fún taya.

Yaqub wá ṣe é bó ṣe yẹ. Ó gbẹ́ páìpù méjì méjì tí ọ̀kan ń wọnú èkejì, ó fi sípíríngì sínú wọn, ó ní òun á rọ ọ́ìlì sí i. Lẹ́yìn náà ó mú ayùn irin dání, ó dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, kí èyí tó lè wọlé, àfi kí n gé ọrùn máṣíìnì yìí. Bí mo bá sì gé e, fọ́ọ̀kù àtijọ́ ò lè padà síbẹ̀ mọ́ o.”

Mehr Din gbé ọwọ́ lé alùpùpù bàbá rẹ̀.

“Gé e,” ló wí. Ó sì jáde síta, kò wọlé mọ́ títí ariwo ayùn fi dákẹ́.

Ó wá ku ìdánwò. Mehr Din bu tíì gbígbóná kún ife dé ẹnu, ó gbé e fún Yaqub, ó ní kó jókòó sẹ́yìn. “Bí tíì bá dànù, iṣẹ́ rẹ ò tíì pé.” Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni tíì fi jó Yaqub nítan. Ọjọ́ mẹ́ta náà ló ń pààrọ̀ sípíríngì, tó ń yọ ọ́ìlì fẹ́lẹ́, tó ń rọ èyí tó ki. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n dé afárá, Mehr Din bojú wẹ̀yìn.

“Tíì ńkọ́?”

“Mo ti mu ún.”

Sughra gùn ún lọ sílé ìwòsàn, ó sì gùn ún bọ̀. Kò dákú, kò sunkún. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bọ́ ẹfọ̀n.

Àmọ́ láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀kù tuntun lọ sọ́jà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Alhaji Buta ki ṣíbí bọ garawa, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ṣíbí ò kọ́ sí nǹkan kan.

“Mehru, bọ́tà dà?”

“Mo ti pààrọ̀ fọ́ọ̀kù. Ọ̀nà ò gbọn wàrà mọ́.”

“Fọ́ọ̀kù! Ṣé fọ́ọ̀kù àtijọ́ ló ń yàgbẹ́ bọ́tà ni?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mehr Din náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì kò sí bọ́tà, lọ́jọ́ kẹta kò sí. Kí oṣù tó parí, ọjà ti gbà pé Mehr Din náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí wàrà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà á sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìyàwó òun ló ní ẹ̀yìn tí kò gba gbígbọ̀n. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọkùnrin tó mọyì ara rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ ara ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí tíì, kí àwọn aláìníṣẹ́ máa bi í bóyá ẹ̀yìn ni àbí ìbàdí. Mehr Din tí kò sí ohun tí ò lè fẹnu tà kò lè fẹnu ta ìyẹn láé.

Yaqub ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú máa ju bọ́tà díẹ̀ sí i látilé.”

“Kí n máa ṣèrú kí wọ́n lè mọ̀ pé n kì í ṣèrú? Padà sídìí irin rẹ, jàre.”

“Ẹ jẹ́ kí èmi sọ fún wọn nígbà náà. Sughra ṣáà ni ẹ̀gbọ́n tèmi náà.”

“Bó o bá sọ ọ́, èmi àti ìwọ kì í ṣe àna mọ́. Ìwọ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó dé etí òun náà. Bó bá gbọ́, kò ní gùn ún mọ́.”

Yaqub pa ẹnu mọ́. Ogójì ilé di ogún, ogún di mọ́kànlá. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Mehr Din fi ń gbé ìdajì wàrà padà sílé. Ó ń sọ fún Sughra pé wàrà inú ọ̀rá tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ló ba ọjà jẹ́. Sughra á sọ èyí tó kù di wàrà kíkan, á jẹ ẹ́, á fún aládùúgbò, á tún máa fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọlọ́wàrà, ṣé ọjà ni ò yá, àbí o ń bọ́ mi sanra kó o lè tà mí?” Mehr Din á ní kò tíì rí ẹni tó máa san iye tí òun fẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló dun Sughra jù.

Ikú bá a lọ́nà ọjà. Ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n lára, nítorí ó ti dúró lábẹ́ igi lẹ́bàá odò, ó ti gbé alùpùpù dúró dáadáa, ó sì jókòó tì í. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a. Wàrà inú garawa méjèèjì kò dànù.

Kí wọ́n tó kí ìrun sí i lára, lèmọ́mù kọjú sí èrò, ó ní bí òkú yìí bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí onítọ̀hún dárí jì í. Alhaji Buta bọ́ síwájú, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn Mehr Din, kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

“Èmi dárí omi inú wàrà jì í. Látọkànwá.”

“Àwa náà dárí jì í,” ni ọjà Kot Jamal dáhùn. Kódà ọkùnrin kan tí wàrà kì í bá lára mu, tí kò rà á rí láyé rẹ̀, òun náà dárí jì í.

Yaqub dúró ní sàfù kìíní, ìyẹn ìlà iwájú, kò sì tú àṣírí náà. Obìnrin kan tó wá bá Sughra kẹ́dùn ló gbé ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà délé. Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni. Ó ní, “Kí ọkàn yín balẹ̀ o. Gbogbo ọjà ló dárí omi inú wàrà ji ọkọ yín.”

“Omi wo?” ni Sughra bi í.

Ó ránṣẹ́ pe Yaqub. Yaqub jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Sughra kò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, “Ọdún mẹ́fà. Yaqub, ọdún mẹ́fà.” Opó kò sì gbọdọ̀ jáde. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló fi jókòó sínú ilé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn. Ọjọ́ tó pé, ó ní kí Yaqub gbé alùpùpù jáde.

Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù tíì, gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ dìde. Alhaji Buta gbé àga fún un. Kò jókòó.

“Arábìnrin mi, ẹ káàbọ̀. Ọlọ́hun á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Àmín. Alhaji, ẹ dárí nǹkan kan ji ọkọ mi lójú òkú rẹ̀.”

“Látọkànwá ni. Gbogbo wa ni.”

“Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á padà.”

Alhaji tún ti àga sún mọ́ ọn.

“Ẹ gba ìdáríjì yín padà, kò jẹ̀bi rẹ̀. Èmi ni mo já láti orí òrùlé tí mo fi ẹ̀yìn ṣèṣe. Ó gé ọrùn alùpùpù bàbá rẹ̀ kí ọ̀nà má baà gbọ̀n mí mọ́. Kò gbọ̀n mí, kò sì gbọn wàrà. Ẹ̀yìn mi ló jẹ bọ́tà yín, Alhaji.”

Kò sẹ́ni tó gbé ife sẹ́nu. Alhaji wo ilẹ̀, ó wo ìkòkò tíì, ó tún wo ilẹ̀.

“Kí ló dé tí kò sọ?”

“Ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ni kó wá máa ṣàlàyé fún yín níbí?”

Gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn náà ò ní sọ ọ́. Alhaji bú sẹ́kún bí ọmọdé. “Mo pè é ní olè lójú gbogbo èrò, mo sì rò pé oore ni mo ń ṣe é. Arábìnrin mi, ta ló máa wá dárí jì mí báyìí?”

“Èmi kọ́,” ni Sughra dáhùn, ohùn rẹ̀ ò le. “Ẹ mọ ibi tó wà.”

Alhaji da omi sí iná tíì ní ọ̀sán gangan, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ibojì Mehr Din. Yaqub ní òun á gbé Sughra délé, òun á sì padà wá gbé Alhaji. Ó kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn ín. Wọ́n kọjá lára rẹ̀ níwájú, bàbá arúgbó náà nìkan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń to ohun tó máa sọ.

Lẹ́yìn afárá ni kòtò ti pọ̀ jù. Sughra di èjìká àbúrò rẹ̀ mú, ó fún ara pọ̀. Iwájú alùpùpù rọra wọlẹ̀, ó rọra gbé orí. Wọ́n kọjá kòtò kan, wọ́n kọjá òmíràn. Ó ń dúró de ìrora, ìrora ò dé. Ó fi ìborùn bo ojú, ẹkún sì gbé e.

Yaqub dín eré kù. “Àǹtí mi, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?”

“Kò dùn mí,” ni Sughra wí. “Kò dùn mí rárá, Yaqub. Máa lọ.”