Ọ̀sán Tí Mo Gun Alùpùpù Bàbá Mi

Bí mo bá gbọ́ òórùn epo pẹtiróòlù lórí irin gbígbóná, ọ̀nà Ògìdì ni mo máa ń rántí.

Mo ti mọ alùpùpù kékeré ìyá mi í gùn dáadáa kí bàbá mi tó ní kí n gun tirẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Tirẹ̀ ga, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tólẹ̀. Bí mo ṣe yí ọwọ́ alùpùpù náà díẹ̀, ó fò síwájú bí ẹni pé yóò fa apá mi já, ó sì kú.

“Okun,” bàbá mi ní, bí àwa ará ibẹ̀ ṣe ń kíni. “Tún un ṣe.”

Ó tún kú. Eruku pupa kún ẹnu mi.

“Bàbá, ó wúwo jù! Ẹ jẹ́ kí n gun ti Màmá.”

“Ti ìyá rẹ kò lè gun òkè oko wa. Tún un ṣe!”

Pẹ̀lú ẹkún ni mo fi gùn ún dé ìdí igi mángòrò kan níwájú. Mo wẹ̀yìn kí ó lè yìn mí. Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó ń pè: “Ibo lo wà?”

N kò tíì mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́, pé ẹni tí yóò máa gbé e lọ sóko ni ó ń wá.

Inú bí mi. Mo pariwo pé, “Iwájú yín ni mo wà! Ẹ ò rí mi ni?”