Àmì Tí Mo Fi Sẹ́yìn Mọ́dábọ́ọ̀dù

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé fọ́tò mẹ́fà sójú kọ̀ǹpútà, tí màá jáde lọ ra mọ́ínmọ́ín, tí màá jẹ ẹ́ tán, tí màá sì padà wá bá fọ́tò kẹta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ojú irin ní Ọ̀fà. Prójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli ni mo ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ló wù mí láti máa ṣe, kàlẹ́ńdà ńlá tí fọ́tò àwọn olóyè ẹgbẹ́ ń kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ní àwọn ọdún 1990 yẹn, kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe é, àmọ́ Ìlọrin ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà lọ, torí ẹ̀rọ tèmi kò lágbára. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ kan ní àwọn yóò fún mi ní tiwọn bí mo bá lè wá ẹ̀rọ tí yóò gbà á. Alhaja, ìyá mi, ta búlọ́ọ̀kù tó ti gé sílẹ̀ láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, ó kó owó náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ ra èyí tó dáa. Mi ò ní búlọ́ọ̀kù mìíràn o."

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ inú kọ̀ǹpútà dájú nílùú nígbà náà. Enjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé sì ni. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ ohun tí mò ń sọ: ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, wọ́n sì ti ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà àwọn bàbá wa. À ń fẹ́ ọmọ ara wa, à ń ná ọjà ara wa, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sọnù, a mọ apá ibi tí a kọ́kọ́ ń wò. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń pe ara mi ní ọ̀làjú, apá ibẹ̀ náà ni mo ń wò.

Enjiníà ní kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà náà ni kí n pààrọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ni, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà tó kù so mọ́. Ó ti kó méjì wá láti Èkó. Ọ̀kan wà nínú páálí tuntun tó ń dán. Èkejì kò ní páálí. Wọ́n tú u lára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan, eruku ṣì wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní eruku ló wọ́n jù, òun ló sì ní kí n rà. Ó tọ́ka sí àwọn ẹ̀yà dúdú kéékèèké lára ti inú páálí.

"Ṣé o rí ìwọ̀nyí? Ike lásán ni. Kò sí nǹkan kan nínú wọn, wọ́n kàn fi ń tan èèyàn ni. Mo ti rà á kí n tó mọ̀. Mi ò lè tà á fún ẹ."

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ara fu mí. Ta ni oníṣòwò tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́? Mo ní ẹ̀tàn kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mi ò tíì rí i. Ó so pátákó eléruku náà mọ́ iná lójú mi, fọ́tò méjìlá sì yọ kí n tó ṣẹ́jú. Mo rà á. Àmọ́ ó di ọjọ́ kejì kí àpótí kọ̀ǹpútà tí yóò wọ̀ tó dé, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé di ọjọ́ kejì. Mo gbé e lọ sílé.

Alhaja ní, "Ṣé o ti sàmì sí i?"

Ìlú wa kò fi àmì ṣeré. Nígbà kan, Alhaja gbé rédíò rẹ̀ fún alátùn-únṣe, èyí tó gbà padà ní ara rédíò tirẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní ohùn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbáà ṣe fáànù, ìbáà ṣe aago, kò sí ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sí i níkọ̀kọ̀. Ó na ìgò kútẹ́ẹ̀sì sí mi. Èmi ọlọ́gbọ́n ní rárá, kútẹ́ẹ̀sì ṣeé nù kúrò. Mo mú ẹnu kọ́ńpáàsì tí mo fi ṣe ìṣirò nílé-ìwé, mo dojú pátákó náà délẹ̀, mo sì ha lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi sẹ́yìn rẹ̀ títí bàbà fi ń dán nínú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní kí ẹni tó bá lè pa èyí rẹ́ jáde wá.

Lọ́jọ́ kejì, Enjiníà tò ó sínú àpótí. Kò tàn. Ó tú u, ó tún un tò, ojú kọ̀ǹpútà ṣú bákan náà. Mo ní kó yí i padà kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì mi wà níbẹ̀ gbangba. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ìbá ti dákẹ́ rò ó, ṣùgbọ́n mo ní ó ti yọ ohun kan lára rẹ̀ nígbà tí mo yíjú. Enjiníà wo pátákó náà pẹ́, ó wò mí, ó sì ní kí n lọ sinmi díẹ̀ nílé, kí n padà wá bá òun. Mi ò sinmi. Ìgboro ni mo gbà lọ. Mo sọ fún àwọn tíṣà tó ń gbé ẹ̀rọ wọn fún un, mo sọ fún àwọn oníbàárà mi, mo sọ fún onílé tó gba Enjiníà sí ṣọ́ọ̀bù. "Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ṣáà ni, kí ni mo ń retí?" Wọ́n mi orí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti kó ẹ̀rọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, onílé sì ti ní kó wá ibòmíràn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Enjiníà wọlé tọ Alhaja wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tú pátákó náà jáde nínú bébà, ó sì na díńgí kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, èyí tí àwọn alátùn-únṣe aago ń fi sójú, sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja, ẹ fi wo ẹ̀yìn rẹ̀."

"Kí ni mò ń wò?"

"Àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn. Ọ̀nà tí iná ń gbà ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti já."

Alhaja kò kàwé, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó fi òwú rán sára ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé mi lọ́dọọdún kò lè ṣàjèjì sí i. Ó yọ díńgí náà lójú.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

Mo fẹ́ purọ́. Mo ti ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi náà rù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

"Èmi ni, mà."

"Àmì ni mo ní kí o ṣe. Mi ò ní kí o gún un lọ́bẹ." Ó yíjú sí Enjiníà. "Ṣé ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ọjọ́ náà gan-an ni mo rí i, Alhaja. Mo rò pé á ronú kàn án fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì í."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Enjiníà fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun jó ibi tó já pọ̀, fọ́tò méjìlá sì tún yọ. Mo ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ náà, gbogbo ìlú yìn ín.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo lọ bá gbogbo ẹni tí mo sọ̀rọ̀ fún, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé yẹn ti wá bẹ̀ ẹ́ nìyẹn." Onílé tilẹ̀ bi mí pé kí ni ọkùnrin náà fún mi jẹ. Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń fura sí mi tó, èmi ni mo sì kọ́ wọn ní ìfura. Enjiníà kẹ́rù rẹ̀ padà sí Ẹ̀rìn-Ilé.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ mi mìíràn dákẹ́, mo sì gbé e lọ bá a. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo ní, "Enjiníà, ẹ jẹ́ kí n lọ kí ẹnì kan, màá padà wá gbé e." Kò sí ẹni tí mo fẹ́ kí. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo fọkàn tán an ni.

Ó fa àga kan sún mọ́ tábìlì. Kò bínú rárá. "Jókòó. Èmi kì í tú ẹ̀rọ ará Ọ̀fà mọ́ bí olúwa rẹ̀ kò bá jókòó tì mí."

Mo jókòó, mo wojú ọ̀nà.

"Máa wo ọwọ́ mi," ó ní.

Èmi náà ti di Alhaji báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí pé ta ni kí àwọn gbé ẹ̀rọ wọn fún, mo sì máa ń darí wọn sọ́dọ̀ Enjiníà ní Ẹ̀rìn-Ilé. Wọ́n á padà wá, ẹ̀rọ wọn á ti dá ṣáṣá, wọ́n á ní, "Alhaji, kí ló dé tí bàbá yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn dìde títí á fi ṣe é tán?"

Mo máa ń ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.