Rédíò Orin Darandaran ní Peckham

Ìgbà tí orúnkún ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò wa bọ́ọ̀sì mọ́ ni mo mọ̀ pé ọkùnrin tó jókòó sílé lè sú èèyàn ju ọmọ ọwọ́ lọ. Ó ń tún abọ́ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀ tò. Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì, èmi tí mo ti ń se é fún un látìgbà tí a ti fẹ́ra. Mo lè fara da ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Á dúró lójú fèrèsé, á máa wo bọ́ọ̀sì tí ẹlòmíì ń wà.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń múnú ẹ̀ dùn ni orin kọ́ńtìrì, orin àwọn darandaran òyìnbó, tí wọ́n máa ń fi gìtá ro ẹjọ́ obìnrin tó já wọn sílẹ̀. Ilé bàbá ẹ̀ l'Abẹ́òkúta ló ti kó ìfẹ́ ẹ̀. Ó wá gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí síbí dá rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane, ní Peckham l'London níbí, ló bá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní àárọ̀ Sátidé. Ọmọ náà ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, Uncle, ta ló ń da màlúù ní Peckham? Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ ọ dáadáa, kò lè lé àgbà jáde. Ó ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò títí oṣù á fi parí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pe fóònù láti béèrè orin, òun á gba àkókò òun padà.

Ká sọ òótọ́, èmi náà ò gbà pé ó lè ṣeé ṣe. Ìlú ńlá báyìí, tí gbogbo mọ́tò tó ń kọjá ń dún gbì gbì gbì, ta ni ìgbẹ́ òyìnbó kàn? Àmọ́ mo rí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì nítorí rédíò tí ẹnikẹ́ni ò ní fi rí i. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ ló ń bá a pe orúkọ ibi tí wọ́n bá dé. Tó bá ti kí wọn ní "Ẹ káàárọ̀ o" lórí rédíò, ó parí nìyẹn, orin lẹ́yìn orin ni títí àkókò ẹ̀ á fi tán. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iye tí wọ́n ń tún ojú fóònù ṣe ló fẹ́ mọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Nílé, nígbà tí a wà ní kékeré, bí ẹni ńlá kan bá kú, rédíò kì í tètè sọ ọ́. Wọ́n á kàn pa gbogbo ètò tì, wọ́n á máa gbé irú orin onígìtá bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ̀rọ̀. Tí bàbá mi bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á ní ẹnì kan ti lọ. Kò sí bí ẹni tó dàgbà nílé nígbà yẹn ṣe máa gbọ́ orin yẹn láàárọ̀ tí àyà ẹ̀ ò ní já.

Ní Sátidé kẹta, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aṣọ ṣe, fóònù mi ń gbé ohùn rédíò ọkọ mi jáde, píìnì sì kún ẹnu mi. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣe àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí wọlé wá gba aṣọ ẹ̀. Ó dúró, ó tẹ́tí. Ó wá rọra bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Píìnì ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, mo kàn mi orí. Ó ní Dádì, ìyẹn ọkọ mi, ńkọ́? Mo fi ìka tọ́ka sókè, nítorí òkè ilé tó dojú kọ mi gan-an ni rédíò wà. Ló bá gbá àyà mú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó jáde. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò ni.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi dé, àwọn obìnrin àsàlátù, láti Walworth àti Stockwell, tàwọn ti kúlà ìrẹsì, rédíò ọkọ mi ṣì ń dún nínú mọ́tò wọn. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Alhaja tó ń ṣáájú wa ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, pé kí Ọlọ́run fi àṣìṣe ọkọ mi jìn ín, kó fi Àlùjánnà ṣe ilé ẹ̀. Mo ti ṣe àmín méjì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí. Ibẹ̀ la wà tí olóògbé fi ti ilẹ̀kùn, tó wọlé, tó ní ẹ kú ọ̀sán o.

Ẹnì kan sá jáde, ó fi bàtà sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wa tán, a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá, a sì jẹ ìrẹsì ọ̀fọ̀ náà tán. Alhaja bú mi pé irú obìnrin wo ló ń fi ìka júwe ọ̀run fún ọkọ ẹ̀.

Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ó ní òun ò ní dúró de kí ọmọ náà lé òun, òun á lọ dá àkókò ẹ̀ padà fún un. Ó ní òun rò pé òun ń múnú èèyàn dùn, àṣé òkú ni wọ́n ń gbọ́. Inú bí mi.

"Dádì, wọ́n gbọ́ yín," ni mo wí. "Wọ́n ṣí rédíò yín nínú mọ́tò, wọ́n sunkún láti Walworth dé Rye Lane. Ẹ fi ẹlòmíì hàn mí ní London tó ń gbé orin tí wọ́n ń gbé ìrẹsì tẹ̀ lé."

Mo wá sọ fún un ohun tí obìnrin kan tó wá láti Stockwell yọ́ sọ fún mi níbi tí a ti ń jẹun. Ó ní kí n má bínú, kì í ṣe ọkọ mi lòun sunkún fún, ìyá òun ni. Fóònù lòun fi wo ìsìnkú wọn, ibi iṣẹ́ lòun sì wà. Ọkọ mi dìde, ó wọ yàrá lọ. Àmọ́ nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Sátidé tó parí oṣù nìyẹn. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, mo ń gbọ́. Ó kí wọn, mo rò pé ó tún ti tán nìyẹn.

"Wọ́n ní orin òkú ni mò ń gbé," ó ní. "Kò burú. Bí èèyàn yín kan bá kú nílé tí ẹ ò lè lọ sin ín, ẹ pè mí. Ẹ sọ ohun tó fẹ́ràn fún mi, màá gbé orin kan fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá mi, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà."

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́ kó sọ ìyẹn létí ẹnikẹ́ni rí.

Obìnrin Stockwell ló kọ́kọ́ pè. Ọkùnrin kan pè láti Forest Hill nítorí bàbá ẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọmọbìnrin kan, tí Yorùbá ẹ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu bíi ti gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí, ní ìyá ìyá òun fẹ́ràn ṣíńgọ́ọ̀mù ju oúnjẹ lọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lórí afẹ́fẹ́, ẹ̀rín gidi tó ń ti inú wá, tí mo ti gbàgbé bó ṣe ń dún. Ará Jamaica kan tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì pàápàá pè, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, irú orin yìí ni gbogbo ilé fi ń lo ọjọ́ Sunday.

Ọmọ tó ni rédíò sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa gbé fóònù, kò dákẹ́. Mo bi í pé àkókò tó fẹ́ gbà padà ńkọ́. Ó ní Uncle ò lọ síbì kankan mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n parí aṣọ ọwọ́ mi ná, ó tún sáré padà sókè.

Ló bá di pé èmi náà ń ro ìyá mi. Ọdún kòrónà, tí bàlúù ò fò, ni wọ́n lọ, wọ́n ti sin wọ́n kí n tó gbọ́. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: pé wọ́n fẹ́ràn kí n máa bá wọn họ ẹ̀yìn, pé èékánná tèmi nìkan ló ń mọ ibi tó ń yún wọn. Mo fi fóònù iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà náà. Ó dí. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣì dí. Mo ń gbọ́ ohùn ọkọ mi nínú fóònù kejì, ó ń bá obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dárò ìyá tiẹ̀, jẹ́jẹ́, kò kánjú. Omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì ń dùn gan-an.

Oníbàárà kan wọlé, ó wò mí, ó bi mí pé ta ni mò ń pè.

Mo ní ọkọ mi ni, kò ráyè tèmi.